Fọ́tò Bàbá Àbúrò Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2010 ni àbúrò mi gbé àpótí ìyá wa wá fún mi ní Sùúrùlérè. Àpótí onírin ni, irú èyí tí àwọn ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà iléèwé máa ń gbé lọ, ọ̀dà àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ń ṣí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni a sin ìyá wa sí ìtẹ́ Àtàn ní Yábàá. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Àǹtí mi, Mọ́mì ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tú u. Wọ́n ní àkọ́bí ló ń tú ẹrù ìyá."

Òun fúnra rẹ̀ kò ṣí i wò. Mo ní kó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbọ́ mi o. Mi ò jẹ́ kó gbé e wọ yàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ mi tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti dáná sun ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mi ò lè sọ pé n kò mọ iyì ìwé àti fọ́tò. Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó sì ni Ìyá Àgbà. Ní ọdún 1955 ni ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó àwọn ilé tó wà láàárín gbùngbùn Èkó, pé èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé ìdọ̀tí ti pọ̀ jù. Àjọ tí wọ́n ń pè ní LEDB ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè, wọ́n sì ní àwọn onílẹ̀ á láǹfààní láti ra ilẹ̀ wọn padà. Ìyá Àgbà ò padà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí ni ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi láìka ìwé kankan: àwọn tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan wá di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó fojú kan ara wọn, àwọn obìnrin tó ń ṣòwò lẹ́nu ọ̀nà ilé sì pàdánù oníbàárà wọn. Ìyá Àgbà ń ta ata gígún. Ọdún méjì gbáko ni kò fi rí ẹni tó ń rà á ní Sùúrùlérè.

Inú agolo bisikíìtì ló kó ìwé ilé Ìsàlẹ̀ Èkó sí, pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé, lẹ́tà àjọ náà, àti fọ́tò ìloro ilé tí wọ́n wó. Títí tó fi kú ní 1998, ó máa ń tú agolo náà sórí ẹní lọ́dọọdún, ó ń sá wọn sóòrùn, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé. Ó ní ilé lè wó, àmọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù kò ní ibì kankan tí yóò tọ́ka sí mọ́. Èmi ni mo máa ń bá a mú etí ẹní. Nítorí náà, nígbà tí mo da kẹrosíìnì sórí ẹrù ìyá mi, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ló dà á.

Ọdún 1979 ni ìyá tó bí mi kúrò nílé bàbá mi. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Lẹ́yìn mi ó bí ọmọ méjì, àwọn méjèèjì kú kí wọ́n tó mọ ìrìn rìn. Orúkọ tí wọ́n wá ń pè é nínú ilé wa, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Kò sí ẹni tó lé e jáde lẹ́nu. Wọ́n kàn ṣíwọ́ jíjẹ oúnjẹ rẹ̀ ni. Á se ọbẹ̀, ọbẹ̀ á kan. Lọ́jọ́ kan ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Kò mú mi dání. Mo ti dàgbà tó báyìí láti mọ̀ pé kò sí bí yóò ṣe mú mi dání: lójú àwọn ènìyàn wa nígbà náà, ti ìdílé bàbá ni ọmọ, bí obìnrin bá ń lọ, ìdì aṣọ rẹ̀ nìkan ló ń gbé lé orí. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, sọ pé ire ọmọ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní 1979, ẹnikẹ́ni ò wo ojú mi. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé, "Ìyá rẹ fi ọ́ sílẹ̀ lọ fẹ́ awakọ̀ mólúè ní Muṣin." Mo di gbólóhùn yẹn mú bí ẹni di okùn mú nínú kànga.

Bí ó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, bóyá ìbínú mi ì bá ti tán kó tó di ọdún 2010. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni ọjọ́ kan ní ọdún 1986.

Mo ti wọ girama. Mo mọ̀ pé ìyá mi ní ìsọ̀ ní ọjà Téjúoṣó, pé aṣọ ọmọ tuntun ló ń tà, nítorí àbúrò bàbá mi obìnrin ti fi ìsọ̀ náà hàn mí rí láti òkèèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ aṣọ iléèwé mi, mo lọ. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo débẹ̀, aboyún kan ń ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré kan jókòó sábẹ́ pátákó, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

Ó wò mí. Ó dá mi mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìbọ̀sẹ̀ náà. Aboyún yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yín ni? Ẹ jọra o."

Ìyá mi ní, "Rárá o. Ọmọ àdúgbò ni."

Ó wá fún mi ní kọ́bọ̀ àádọ́ta, bí ènìyàn ṣe ń fún ọmọ aládùúgbò tó bá kí i dáadáa. Mo gbà á. Mo ní "Ẹ ṣé, mà." Mo rìn títí dé Ojúẹlẹ́gbá kí n tó jù ú sínú gọ́tà.

Ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì yẹn ni àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Kò rántí nǹkan kan.

Òun náà ló wá mi rí nígbà tó dàgbà. Ní ọdún 2003 ló kan ilẹ̀kùn mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun gbọ́ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ìyekan ni wá, ọmọ ìyá kan náà, bàbá ò pa wá pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Kò ṣòro rárá. Ìyá wa ni n kò lè fẹ́ràn. Tó bá wá kí mi, mo máa ń fún un lóúnjẹ, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, mo máa ń fún un lówó ọkọ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe ni mo ṣe, àfi kí n pè é ní ìyá mi. Orúkọ àdúgbò rẹ̀ ní Muṣin, "Ìyá Ìdí-Òro", ni mo fi ń pè é, níṣojú àwọn ọmọ mi. Nígbà tí iná jó Téjúoṣó ní 2007, tí ìsọ̀ rẹ̀ bá a lọ, mo fi owó ránṣẹ́. Mi ò lọ wò ó. Kò sì pẹ́ láyé tó láti rí ọjà tuntun tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2014.

Ẹni tó tú àpótí náà nìyẹn.

Aṣọ ló wà lókè: léèsì méjì, aṣọ òkè kan tí wọ́n ká mọ́ káńfọ̀. Mo yọ wọ́n sọ́tọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn kan wà, mo yọ òun náà. Aṣọ ìnujú funfun kan wà tí wọ́n dì ní kókó mẹ́ta. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, owó ni, mo yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìwé. Káàdì àjọ rẹpẹtẹ, tí alájọ ti fi bírò fa ilà sí. Rìsíìtì. Káàdì ìwòsàn. Èrò ọkàn mi ni pé bí orúkọ mi bá wà níbì kan, ẹyọ kan péré, n ó tọ́jú gbogbo rẹ̀. Mo wá a. Mo wá orúkọ mi lórí káàdì kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá orúkọ lára ògiri ìdánwò. Kò sí níbẹ̀. Ti àbúrò mi wà. Tirẹ̀ wà níbi mẹ́rin.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni fọ́tò náà wà, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀. Dúdú àti funfun ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orúkọ ilé fọ́tò kan ní Ìdí-Òro wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyá mi jókòó sórí àga, ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Mo mọ ẹni tó jẹ́. Awakọ̀ mólúè. Àbúrò mi ti sọ fún mi ju ìgbà mẹ́wàá lọ pé bàbá òun kú ní 1985 nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méjì, pé fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, inú àpótí Mọ́mì ló wà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló bí mi nínú. Ìyá mi ni. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò náà. Ní ayé ìgbà yẹn, ènìyàn kì í rẹ́rìn-ín nílé fọ́tò. Wọ́n á ní kí o gbé àgbọ̀n sókè, kí o wo ọ̀kánkán, kí o má mira. Ìyá mi mira. Ó ya ẹnu, ehín rẹ̀ hàn, ọ̀kan lára ojú rẹ̀ ti fẹ́ pa dé. Mi ò rí ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ rí. Bí mo ti ń wò ó, ohun tí mo gbọ́ létí ni "Ọmọ àdúgbò ni."

Mo fi fọ́tò náà lé orí káàdì àjọ. Mo ṣá ìṣáná. Ìwé tètè jó, fọ́tò ò tètè jó; ó kọ́kọ́ ká sókè bí ewé tó gbẹ, ó lé ròrò dúdú létí, lẹ́yìn náà ni àárín rẹ̀ wú. Mo dúró tì í títí ó fi tán. Mo gbá eérú rẹ̀, mo dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni ìgbéyàwó àbúrò mi. Ní ìparí oṣù keje ló pè mí, ó ní òun fẹ́ fi fọ́tò bàbá òun sínú ìwé ètò ìgbéyàwó, kí n bá òun mú un jáde nínú àpótí. Ẹ̀rù bà mí. Òjò ńlá ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ẹni tó bá wà ní Èkó lọ́jọ́ náà kò jẹ́ gbàgbé: omi gba títì, omi wọ ilé, ẹ̀mí lọ. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀, mo kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e ni. Mo ní omi wọ ẹ̀yìnkùlé, ó wọnú àpótí. Mo tún fi kún un. Mo ní mo sá àwọn ìwé náà sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, pé mo fi aṣọ nu fọ́tò náà díẹ̀díẹ̀, pé ojú rẹ̀ bá aṣọ lọ.

Àbúrò mi dákẹ́ lórí fóònù. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ẹ gbìyànjú."

Ọdún 2011 sí 2024 ni mo fi gbé ọpẹ́ yẹn ká. Ní gbogbo àkókò yẹn, èmi nìkan ni mo dá lọ sí Ìdí-Òro lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wá ilé fọ́tò tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn àwòrán náà. Èrò mi ni pé nẹ́gétíìfù lè ṣì wà. Ní Èkó yìí kan náà, onífọ́tò kan tó ń jẹ́ J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun orí àwọn obìnrin ní 1968, fọ́tò irun tó yà tó ẹgbẹ̀rún kan, ó sì tọ́jú nẹ́gétíìfù rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ọmọ, débi pé ní 2000 wọ́n pàtẹ wọn ní Paris. Ó kú ní 2014, irun àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ò kú. Àwọn onífọ́tò àdúgbò ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ní Ìdí-Òro, àwọn tó ń ta ọ̀ṣọ́ fóònù ni mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ onífọ́tò náà, tó ti di àgbàlagbà, sọ fún mi pé nígbà tí ìwé àyálé wọn parí, àpò nẹ́gétíìfù mẹ́fà làwọn kó sórí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí. Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè wọn láti ìgbà tí fọ́tò ti di ti fóònù. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ṣọ́ọ̀bù náà fún ìgbà pípẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní kí ọmọ àbúrò mi mú fọ́tò bàbá àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ lọ síléèwé. Àbúrò mi tún pè mí. "Àǹtí mi, ẹ dákun, ṣé kò sí ibi tí omi ò bà jẹ́ lára rẹ̀? Kódà bó jẹ́ etí rẹ̀ lásán?"

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Muṣin ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Mo gbé ohun tó kù nínú àpótí dání: ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, aṣọ òkè, aṣọ ìnujú tí wọ́n dì ní kókó mẹ́ta. Léèsì méjèèjì, mo ti tà wọ́n. Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ó fò dìde, ó fẹ́ gbé mi, mo ní kó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Mo sọ ọ́ tán. Mo sọ ti Téjúoṣó, mo sọ ti iná, mo sọ ti omi tí kò wọlé.

Kò pariwo. Ó jókòó, ó ń fi àtàǹpàkò ha etí tábìlì. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sun ún?"

"Mo wò ó."

"Ṣé ẹ wò ó dáadáa?"

Ìbéèrè yẹn ni n kò múra sílẹ̀ fún. Nínú gbogbo ènìyàn tó ṣì wà láàyè tí a mọ̀, èmi ni mo rí fọ́tò yẹn gbẹ̀yìn. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkìrun ò ní ìkankan. Ojú ọkùnrin náà ti di ohun tó wà nínú orí mi nìkan, orí ẹni tí kò fẹ́ rí i.

A tú aṣọ ìnujú náà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ọwọ́ wa má baà ṣófo. Náírà ogún-ogún ni, mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1977 pẹ̀lú àwòrán Murtala Muhammed, tí ìjọba ológun sì sọ di ìwé lásán nígbà tí wọ́n yí àwọ̀ owó padà ní oṣù kẹrin ọdún 1984. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń sọ fún ara mi pé owó tí ìyá mi tọ́jú dè mí ni, mo wá ní bóyá ó fẹ́ mú un wá fún mi ni owó yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó mi orí. Ó ní, "Rárá o, Àǹtí mi. Wọ́n dá Mọ́mì dúró sọ́sípítù lóṣù yẹn, wọn ò ráyè dé báńkì. Owó ọjà ni. Wọ́n máa ń mú un jáde fi ṣàlàyé fún wa bí ìjọba ṣe ń jẹ owó ènìyàn." Ó dì í padà bó ṣe wà, kókó mẹ́ta, ó fi sápò ara rẹ̀. Mo jẹ́ kó fi síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí àpótí yẹn ni mo ti ń wá ara mi nínú rẹ̀. Ẹrù obìnrin kan ni, tó fẹ́ ọkọ, tó ṣòwò, tó bí ọmọkùnrin kan, tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan níwájú onífọ́tò. Ohun tó ṣe sí mi ní 1986, ó ṣe é. Kò sí nínú àpótí.

Àbúrò mi ló rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech. A jókòó tì í ní ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ṣe àpèjúwe, ó ń fi pẹ́ńsù yà. Ọwọ́ rọrùn: ọwọ́ òsì ni, ó wà léjìká ìyá wa, aago tó tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ wà níbẹ̀. Ẹnu ìyá wa rọrùn, ehín, ojú tó fẹ́ pa dé. Àpèjúwe rẹ̀ mú àbúrò mi sunkún. Ṣùgbọ́n tó bá kan ojú ọkùnrin náà, n ó sọ pé iwájú orí rẹ̀ ga, ọmọ náà á yà á, n ó ní rárá, á pa á rẹ́. Imú ńkọ́, Mà? Etí ńkọ́? Ṣé ó dá irùngbọ̀n sí? Mo di ojú. Iná ni mo ń rí. Ní ọjọ́ kẹta, bébà náà ti fẹ́ lu níbi tí ojú yẹ kó wà. Ọmọ náà ní kí òun fi ojú àbúrò mi síbẹ̀, pé ọmọ kúkú máa ń jọ bàbá. Àbúrò mi ní, "Èmi kọ́ ni mo fẹ́ rí."

Bó ṣe wà yẹn ló gbé e lọ. Ó fi sínú férémù, ó so ó mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀ ní Muṣin: ìyá wa ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ kan wà léjìká rẹ̀ pẹ̀lú aago, òkè ibẹ̀ funfun. Ọmọ rẹ̀ béèrè ìdí tí bàbá àgbà ò fi lójú. Àbúrò mi ní, "Bi Màmá Sùúrùlérè."

Ọmọ náà bi mí. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní fọ́tò sọnù. Mo délé, mi ò lè sùn. Nígbà tí mo tún lọ, mo pè é jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sọ fún un pé èmi ni mo sun ún, pé inú ló ń bí mi. Ó wo ògiri, ó wò mí.

"Màmá, ṣé ó dun bàbá àgbà?"